Fèrèsé Tí Mo Fi Ṣáwà Dí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti yọ ṣáwà yẹn kúrò. Mo fẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, kí n tó kí yín rárá. Lánàá ni púlọ́ńbà parí iṣẹ́. Ó tú orí ṣáwà, ó fa páìpù yọ nínú ògiri, ó fọ́ gbogbo táìlì funfun tí ẹ ní ó jọ ti ilé ìwòsàn, ó sì kó àfọ́kù rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Igun yàrá yín ti ṣófo báyìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí págunpàgun, eruku sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín, lórí Bíbélì yín, lórí rédíò yín. Mi ò tíì nù ún.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ máa béèrè ohun tí mo ń dúró dè láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe rí, nítorí n kò fẹ́ kó dà bí ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, ojú mi méjèèjì ló sì là nígbà tí mo ń ṣe é.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe yín, tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu dáadáa mọ́, mo kó ẹrù mi ní Baṣọ̀run, mo padà sílé yín ní Challenge, sínú yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré. Gbogbo ayé ń yìn mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà nírú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo gba ìyìn náà tayọ̀tayọ̀, Bàbá, mo sì jẹ́ kó gùn mí dé ibi tí mo fi rò pé ohunkóhun tí mo bá ti ṣe sí yín, oore ni. Ẹni tí wọ́n bá ti ń pè ní ọmọ rere kì í tètè béèrè ìbéèrè.

Balùwẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún sí ẹnu ọ̀nà yín. Dókítà ní kí ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé mọ́, kí ẹ má sì máa rìn lórí ilẹ̀ tó bá tutù. Ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní kọ́rídọ̀. Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, bá pè láti Èkó, ó ní kí n ṣe ṣáwà sínú yàrá yín, pé bí wọ́n ṣe ń kọ́lé báyìí nìyẹn, gbogbo yàrá ló ń ní tiẹ̀. Mo ní igun wo la máa ṣe é sí. Ó ní igun tí fèrèsé wà. Kò tilẹ̀ dúró rò ó. Ó ti ní in lọ́kàn kó tó tẹ̀ mí láago.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Màámi kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ránṣẹ́ láti Èkìtì pé kí a gbé òkú wá sílé, pé iṣẹ́ lẹ wá ṣe ní Ìbàdàn, kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń sin ara ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ní obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi ọsàn sẹ́yìnkùlé yìí, ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni yóò sùn sí. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọn ilẹ̀ náà kí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tó dé, kí sàréè rẹ̀ lè bọ́ sí ọ̀gangan fèrèsé yín. Àwọn mọ̀lẹ́bí bínú, ọ̀pọ̀ wọn ò wá.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ máa gbé ife tíì yín lé ojú rẹ̀, ẹ máa kí Màámi ní èdè Èkìtì, lẹ́yìn náà ẹ ó máa ròyìn ilé fún un. Mo máa ń gbọ́ yín láti ilé ìdáná. Ẹ sọ fún un pé alámùúlégbé ti ra ajá. Ẹ sọ fún un pé igi ọsàn rẹ̀ ń so, àmọ́ àwọn àdán ò jẹ́ kí a jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹ sọ fún un pé ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, pé ẹ kàn ń jẹ ẹ́ nítorí ẹ ò fẹ́ kí n bínú ni. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ohun tí ẹ ò lè sọ fún èmi tí mo wà láyè, Màámi lẹ ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ náà ò pa Àǹtí lẹ́rìn-ín. Ó ní òkú tí èèyàn ń pè lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni yóò dá a lóhùn. Ó ní fèrèsé yẹn ló ń jẹ yín tán, pé bí a bá dí i, ọkàn yín á kúrò níbẹ̀, ara yín á sì yá. Kí n jẹ́wọ́ èyí náà: mi ò bá a jiyàn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo sì tún ń jowú, àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń jowú ìyá tó bí mi.

A parọ́ fún yín pé nítorí omi ni, kó má baà máa ta jáde láti ojú fèrèsé. Ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń wo Ọ̀gá Músílíù, púlọ́ńbà tí mo mú wá láti Mọ́kọ́lá, bó ṣe ń to búlọ́ọ̀kù kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ kan ife yín lójú fèrèsé, ẹ di ọ̀pá yín mú, ẹ dìde, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ sì gbé ife yín kúrò níbẹ̀. Ẹ ní, "Ó dáa." Mo bá fọkàn balẹ̀, mo lọ se oúnjẹ.

Ẹ kórìíra ṣáwà yẹn. Ẹni tó ti ń fi garawa àti ike wẹ̀ láti ọjọ́ ayé rẹ̀, tó máa ń kọ́kọ́ bu omi sí ẹsẹ̀, kó tó bu sí àyà, kó tó wá kan orí, ni mo dá dúró sábẹ́ irin kan tí omi ń dà lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ọba bá lọ tí omi táǹkì sì tán, ọṣẹ á gbẹ mọ́ yín lójú. Omi ń ta sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìwé yín tó wà nísàlẹ̀ pátákó ìkówèésí wú, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Yàrá tó ń rùn bí òrí àti ìwé ìròyìn látilẹ̀ wá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́ẹ́jẹ́, pé ibi tí èèyàn ń sùn kì í ṣe ibi tó yẹ kó ti máa fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀. Mo ní ayé ti yí padà, Bàbá. Irú ìdáhùn wo nìyẹn?

Ìtìjú rẹ̀ ló burú jù. Èmi ọmọ yín obìnrin ni mo ń dì yín mú lábẹ́ omi. Ẹ máa ń di ojú yín, kì í sì í ṣe nítorí ọṣẹ. Nínú balùwẹ̀ àtijọ́, ẹ máa ń jókòó sórí àpótí kékeré yẹn, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó fi aṣọ ìnura kọ́ orí ìṣó kan náà tẹ́ ẹ ti ń fi í kọ́ látọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń rí yín. Nínú yàrá, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ lè tì mọ́ mi.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sí balùwẹ̀ àtijọ́ láràárọ̀, mo rò pé mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Mo ní orí kunkun ni. Mo máa ń gbọ́ ọ̀pá yín ní kọ́rídọ̀, màá sì pariwo láti ilé ìdáná pé ṣáwà wà nínú yàrá o. Ẹ máa ń pẹ́ níbẹ̀, mi ò sì ń gbọ́ ìró omi. Ní ọjọ́ kan ó pẹ́ jù, mo lọ ń gbá ilẹ̀kùn títí ẹ fi ṣí i. Ara yín gbẹ, aṣọ ìnura yín gbẹ, garawa gbẹ. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ẹ ní, "Mo kàn fẹ́ dúró díẹ̀ ni."

Mi ò béèrè ìdí. Ìdí wo ni èèyàn fi máa ń dúró nínú balùwẹ̀ láìwẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ìbéèrè kan ṣoṣo. Dípò kí n béèrè, Dùgbẹ̀ ni mo gbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ra àgádágodo, irú èyí tó wúwo tí wọ́n fi ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi ti balùwẹ̀ náà pa.

Mo ń wò yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró sẹ́nu ilé ìdáná, ẹ ò rí mi. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ẹ rí àgádágodo náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e bí ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ rọra jẹ́ kó padà sílẹ̀ kó má baà dún. Ẹ yí padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó sì gbà yín ní àkókò púpọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ń wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà, ẹ ò sì jáde sí kọ́rídọ̀ mọ́. Mo pe Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo ní Bàbá ti gbà. Àwa méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí fóònù.

Mo ń bínú sí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kí ló dé tí ẹ ò pariwo lé mi lórí? Ẹ bú mi nígbà tí mo fọ́ gíláàsì kan ṣoṣo nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi lọ́jọ́ yẹn? Àbí ẹ ti ń bẹ̀rù mi? Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù nìyẹn, pé nínú ilé tí ẹ fi òógùn yín kọ́, ẹ ti ń bẹ̀rù ọmọ yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn àgádágodo lẹ sùn tí ẹ ò jí mọ́. Dókítà ní àìsàn náà ló padà wá. Àwọn ará Èkìtì wá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó bá wa jiyàn, torí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àlùfáà pé ẹ̀gbẹ́ Màámi ni kí wọ́n sin yín sí. Ẹ sùn síbẹ̀ báyìí, ẹ̀yin méjèèjì lábẹ́ igi ọsàn.

Oṣù tó kọjá ni Àǹtí ní kí a fi yàrá yín háyà. Ó ní yàrá tó bá ti ní ṣáwà tiẹ̀ kì í pẹ́ gba ayálégbé. Mo ní màá fọ́ ṣáwà yẹn kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá orí mi dá pé. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí ẹ̀gbọ́n, òun náà sì dá a padà fún mi, láti ìgbà náà a ò tíì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn yín. Ìfẹ́ tó wà láti Èkó lòun ní, tí kì í gbọ́ ìró ọ̀pá ní kọ́rídọ̀. Èmi tí mo ń gbọ́ ọ ńkọ́?

Ọ̀gá Músílíù kan náà ni mo pè. Bó ṣe ń fọ́ ògiri náà, ó ní, "Àǹtí, kí n má parọ́, bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ tí mo mọ nǹkan yìí, àmọ́ mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ka búlọ́ọ̀kù. Mẹ́rìnlá ni wọ́n kà." Mo ní kó máa fọ́ ọ lọ. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ jáde, àmì róbótó ife yín ṣì wà lójú fèrèsé níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ò pa á rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé dé orí bẹ́ẹ̀dì yín. Mo rò pé ohun tó máa dùn mí jù lọ nìyẹn, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un.

Ó wá ní òun fẹ́ wò ó bóyá omi ṣì ń dé balùwẹ̀ àtijọ́, nítorí páìpù kan náà ló pín sí méjèèjì. Ó béèrè kọ́kọ́rọ́. Inú báàgì mi ló wà. Mo ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ Dùgbẹ̀, mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e lọ síbi ìsìnkú yín. Mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn rí láti ìgbà náà, torí balùwẹ̀ tó wà nínú yàrá àlejò ni èmi ń lò.

Àpótí yín wà lábẹ́ fèrèsé kékeré tó ga yẹn. Mo ti rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbá ilẹ̀kùn, mo kàn wò ó kọjá ni. Nínú gbogbo gíláàsì lúfà tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìta, tó wà lójú fèrèsé náà, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Mo bá a nínú garawa; àkísà lásán ni mo pè é lọ́jọ́ náà. Ẹ ti fi aṣọ ìnura àtijọ́ wé e, ẹ sì fi okùn so ó, kí ó má baà ya ẹni tó bá fẹ́ fi garawa náà pọnmi lọ́wọ́. Ta ló ń pọnmi nínú ilé yẹn, Bàbá, bí kì í bá ṣe èmi?

Mo gun àpótí náà. Mo di páìpù mú níbi tí ẹ ti ní láti dì í mú, ọ̀dà ti bó níbẹ̀. Mo wo ojú àlàfo gíláàsì kan ṣoṣo yẹn. Kò fi ọgbà hàn mí, kò fi igi ọsàn hàn mí. Ìhà orí sàréè Màámi nìkan ló fi hàn, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ló ń gun àpótí láràárọ̀ nítorí ìyẹn. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Èmi ọmọdé ló dí ojú ìjókòó yín, tí ẹ̀yin àgbà fi wá ń gun nǹkan kiri. Nígbà tí ẹ sì rí ibi gùn, mo tún lọ ra àgádágodo. Ikú ló wá ṣí i fún yín.

Ọ̀gá Músílíù dúró lẹ́yìn mi, ó ní ṣé omi ń wá. Mo ní omi ń wá. Mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi náà.

Ṣé ẹ dárí jì mí kí ẹ tó lọ? Mi ò béèrè nígbà tí ẹ lè dáhùn. Mo fi ẹ̀jẹ̀ ríru yín sínú ìwé lójoojúmọ́, mo ka hóró oògùn yín, mo béèrè bóyá ẹ ti jẹun, mo béèrè bóyá ẹ ti yàgbẹ́. Èyí nìkan ni mi ò béèrè. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bá wa wí. Mo rò pé ọmọdé nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé àga yín lọ sójú fèrèsé. Mo po tíì, mo gbé ife náà lé orí àmì tirẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ kí Màámi bí ẹ ṣe ń kí i, mo rí i pé mi ò gbọ́ Èkìtì tó bẹ́ẹ̀. Mo bá fi èyí tí mo gbọ́ kí ẹ̀yin méjèèjì. Mo sọ fún yín pé alámùúlégbé ti ta ajá rẹ̀. Mo ní ọbẹ̀ mi ṣì níyọ̀ jù, kò kàn sí ẹni tó ń fi ara dà á mọ́ ni. Lẹ́yìn náà mo dúró díẹ̀.

Mi ò dá gíláàsì yẹn padà sójú fèrèsé balùwẹ̀. Òjò á máa gba ibẹ̀ wọlé, kó máa wọlé. Mo ti tú àgádágodo náà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbọ́ ọ̀pá yín, tí kò béèrè ibi tí ẹ ń lọ.